Bẹ́ẹ̀dì Kejì, Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án

Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ ni Ìyá Bọ́tìnnì. Kì í ṣe pé ó bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Bọ́tìnnì o. Òun ló ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì tó wà lójú rẹ̀, ó sì ti ṣe iṣẹ́ náà pẹ́ débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ tí òbí sọ ọ́ pè é ní ọ́fíìsì, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò rí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò ó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ẹni tó ń kọ kóòdù ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, pé ṣe tibí, ṣe tọ̀hún. Kò rí bẹ́ẹ̀ nídìí bọ́tìnnì. Àpótí irinṣẹ́ kan wà tí àwọn kan ti kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́, inú rẹ̀ ni bọ́tìnnì, fèrèsé àti gbogbo ohun tí à ń fojú rí lójú kọ̀ǹpútà wà. Ìwọ kọ́ lo máa pe àpótí; àpótí ló máa pè ọ́. Wàá kọ iṣẹ́ kékeré kan, wàá fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, wàá ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì yìí, kí o pe iṣẹ́ mi, kí o sì gbé ẹrù yìí fún un." Lẹ́yìn náà, wàá lọ jókòó. Bí ọwọ́ ènìyàn bá kan bọ́tìnnì, àpótí á ta iṣẹ́ rẹ lólobó, á sì kó ohun gbogbo lé e lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó máa ṣíwájú àti èyí tó máa gbẹ̀yìn, àpótí ló mọ̀ ọ́n, kò kan ohun tó wù ọ́.

"Ohun tí ẹni tó pè yín bá mú dání ló ń ṣíwájú," ni Ìyá Bọ́tìnnì máa ń wí fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. "Ẹrù tí ẹ̀yin fi sílẹ̀, ẹ̀yìn ló máa dúró sí, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ re. Bí ẹ bá gbà á sódì, ẹ má rò pé ẹ̀rọ máa bá yín jà. Bí méjèèjì bá ti jẹ́ nọ́ńbà, bákan náà ni wọ́n rí lójú ẹ̀rọ. Á gbà á, á sì máa bá tirẹ̀ lọ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń kọ́ni lófin kì í sábà rò pé òun náà lè ṣì í.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ ìyá ọmọ baba. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n yìí, ó sì ṣẹlẹ̀ pé wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lára àwọn ibi tó ń lo iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì wà láàárín wọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà kan wà lórí rẹ̀, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ló sì hàn lójú kọ̀ǹpútà náà, olúkúlùkù pẹ̀lú iná kékeré tirẹ̀. Bí èémí aláìsàn kan bá fẹ́ kọsẹ̀, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò lù bó ṣe yẹ, aago á dún, iná bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á pọ́n. Nọ́ọ̀sì á mú bẹ́ẹ̀dì náà lójú kọ̀ǹpútà, á mú iye ìṣẹ́jú, á tẹ bọ́tìnnì, aago bẹ́ẹ̀dì yẹn á sì panu mọ́ fún iye ìṣẹ́jú náà, kí nọ́ọ̀sì lè ráyè tọ́jú ẹni tó ń tọ́jú. Bí kò bá mú ìṣẹ́jú kankan, méjì ni ẹ̀rọ máa ń mú fún un. Bí aago bẹ́ẹ̀dì kan bá ti panu mọ́, iná rẹ̀ á di aláwọ̀ eérú, ohunkóhun tó bá sì ṣe ẹni tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà, aago kò ní wí nǹkan kan.

Láìpẹ́ sí ìgbà tí à ń sọ yìí ni Ìyá Bọ́tìnnì tún bọ́tìnnì náà kọ, nítorí pé àpótí irinṣẹ́ ti di tuntun. Kó tó fi ránṣẹ́, ó dán an wò lórí tábìlì rẹ̀. Ó mú bẹ́ẹ̀dì kejì, ó fi ìṣẹ́jú méjì tí ẹ̀rọ mú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Iná bẹ́ẹ̀dì kejì di aláwọ̀ eérú, ìṣẹ́jú méjì pé, iná padà. Bẹ́ẹ̀dì kejì ló máa ń fi dán nǹkan wò látijọ́. Kò nídìí kan, ó kàn ti mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù. Aago ń dún kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀.

"Àbúrò mi, bọ́tìnnì yín yìí ti ń ṣe oríkunkun látìgbà tí ẹ ti tún un ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dá mi lóhùn. Baba kan wà níbí, ní bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, tí rọ́bà imú ẹ̀ ń yọ ṣáá. Etí gbogbo wa ti fẹ́ di."

Ìyá Bọ́tìnnì wà nínú ìpàdé, ọ̀gá rẹ̀ sì ti ń wò ó. Ó ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí rí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ìbọ̀wọ́ ni kò jẹ́ kí ìka kan bọ́tìnnì dáadáa.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi. Bí kò bá gbọ́, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí á fi gbọ́."

"Kò burú, ìyá wọn," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì pa fóònù.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì kú.

Káfíńtà ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀, iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọ́n ṣe fún un, ó sì ti ń múra ilé. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ fọ ife ni. Èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, aago kò dún. Ẹ̀yìn ògiri kan ni bẹ́ẹ̀dì kejì wà, ẹni tó bá wà nídìí tábìlì tàbí nídìí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án kò lè rí i. Ìyàwó náà ló padà dé, ife lọ́wọ́, tó rí àwọ̀ ètè ọkọ rẹ̀.

Ilé ìwòsàn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ wí kò lọ́jú pọ̀: láti orí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti pa aago bẹ́ẹ̀dì kejì lẹ́nu mọ́, wọ́n tún un pa, wọ́n tún un pa. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà nídìí tábìlì lásìkò náà. Ó ní bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án lòun tẹ̀. Wọ́n ní ṣé ẹ̀rọ ló wá ń purọ́ ni. Ó ní òun kò mọ̀, bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ṣáà lòun tẹ̀.

Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ rán ẹni tó mọ̀ ọ́n wá. Ìyá Bọ́tìnnì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọmọ ìyá òun ni nọ́ọ̀sì náà, kí wọ́n jọ̀ọ́ rán ẹlòmíràn. Ọ̀gá ní kò sí ẹlòmíràn tó mọ bọ́tìnnì yẹn bíi tirẹ̀, àti pé bó ṣe jẹ́ ọmọ ìyá gan-an ló dáa, kò sí ẹni tó máa ní ó fẹ́ ba nọ́ọ̀sì jẹ́. Bó ṣe lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ní òdìkejì tábìlì nínú aṣọ iṣẹ́ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Alága bi Ìyá Bọ́tìnnì bóyá ẹ̀rọ lè pa aago bẹ́ẹ̀dì kan lẹ́nu mọ́ nígbà tó jẹ́ pé òmíràn ni wọ́n tẹ̀.

"Rárá, sà," ni ó wí. "Ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe. Mo dán an wò fúnra mi."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ìbínú nínú ìwò yẹn. Ó wò ó bí ìgbà tí ènìyàn bá rán an létí ohun tó ti gbàgbé.

Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n lọ jókòó sílé. Bí ìgbìmọ̀ bá tún péjọ, wọ́n máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn nọ́ọ̀sì, kò sì ní lè tọ́jú aláìsàn mọ́ títí ayé rẹ̀. Ẹni tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì látìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀! Ìyá Bọ́tìnnì sunkún délé lọ́jọ́ yẹn, inú sì tún ń bí i sí ẹ̀gbọ́n. Kí ló dé tí kò lè gbà pé ó rẹ òun, pé ìka òun ló ṣìnà? Ìyẹn ì bá ti mú àánú wọn wá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òótọ́ lòun sọ, òótọ́ kì í sì í ṣìnà, irọ́ ló ń forí gbọgbẹ́. Ó wí i títí tó fi lè jẹun.

Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù kò dákẹ́ ní tiwọn. Wọ́n ń pe ilé iṣẹ́ ṣáá pé bọ́tìnnì kò gbọ́ràn. Nígbà tó sú ọ̀gá, ó ní kí Ìyá Bọ́tìnnì lọ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n lè jẹ́ ká sinmi. Ó dé wọ́ọ̀dù lówùúrọ̀. Nọ́ọ̀sì kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ló bá nídìí tábìlì.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é? Ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Aago bẹ́ẹ̀dì kẹfà ń dún lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó mú bẹ́ẹ̀dì kẹfà, ó fi ìka lásán tẹ bọ́tìnnì, ó rọra tẹ̀ ẹ́ dáadáa bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Aago kò dákẹ́.

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Àbí ìka tèmi náà ni kò mọṣẹ́?"

Ìyá Bọ́tìnnì súnmọ́ kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe iná bẹ́ẹ̀dì kẹfà ló ń wò. Lókè pátápátá lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ráyè wò bí aago ibòmíràn bá ń dún, iná bẹ́ẹ̀dì kejì ti di aláwọ̀ eérú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìṣẹ́jú mẹ́rin," ni ó wí. "Bẹ́ẹ̀dì kẹfà yẹn náà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Nọ́ọ̀sì mú mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́. Iná bẹ́ẹ̀dì kẹrin di aláwọ̀ eérú.

Ìyá Bọ́tìnnì di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú kó má tún un tẹ̀. Kò nílò kó ṣí kóòdù kankan kó tó mọ̀. Nínú bọ́tìnnì tuntun, ibi tí wọ́n ti ń mú ìṣẹ́jú ni ìpè àpótí ti ń wá, nítorí náà ìṣẹ́jú ló ń kọ́kọ́ wọlé. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì ni ẹrù tí òun fi sílẹ̀, ẹ̀yìn ló sì ń dúró sí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni òun ṣe kọ ọ́: bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, ìṣẹ́jú méjì. Aláìsàn la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ká tó dárúkọ ìṣẹ́jú. Àpótí kò mọ ìyẹn. Ó kó ìṣẹ́jú méjì wá, ó fi bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án tẹ̀ lé e, iṣẹ́ òun sì fi méjì ṣe bẹ́ẹ̀dì, ó fi mẹ́sàn-án ṣe ìṣẹ́jú. Inú iṣẹ́ kan náà yẹn ni ẹ̀rọ ti ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ kó jẹ́rìí èké láìmọ̀. Ọjọ́ tí òun sì dán an wò, bẹ́ẹ̀dì kejì ni, ìṣẹ́jú méjì ni. Bí wọ́n gbé e síwájú, bí wọ́n gbé e sẹ́yìn, ibì kan náà ló máa já sí.

"Ta ló wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì báyìí?" ni ó bèèrè.

"Ìyá arúgbó kan."

"Ẹ bá mi sáré lọ wò wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bọ́tìnnì yìí mọ́. Bí aago bá dún, ẹ jẹ́ kó máa dún, ẹ lọ bá aláìsàn."

Ìyá arúgbó náà ń sùn, èémí wọn ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyá Bọ́tìnnì dúró tì wọ́n títí iná bẹ́ẹ̀dì náà fi padà sí bó ṣe wà. Ó wo ògiri. Lóòótọ́ ni, ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò lè rí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án.

Ó padà sí ọ́fíìsì, ó ròyìn ohun tó rí. Ọ̀gá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìlà kóòdù mélòó lẹ máa yí?"

"Ìlà kan."

"Ẹ yí i lónìí. Ẹ kó o pọ̀ mọ́ àwọn àtúnṣe yòókù, ẹ ní bọ́tìnnì ti ń tètè gbọ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ti kú, Ìyá Bọ́tìnnì, kò sí ìlà tí ẹ máa yí tó máa jí i. Gbogbo àwa tí à ń tibí jẹun ńkọ́? Ẹ rántí pé ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ló máa bà."

"Ó ti bà á, sà," ni ó wí.

Ó yí ìlà náà nítorí ìyá arúgbó tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Kò kó o pọ̀ mọ́ àtúnṣe kankan. Lẹ́yìn náà ó pe alága ìgbìmọ̀, ó ní ẹ̀rí tí òun jẹ́ kì í ṣe òótọ́, òun fẹ́ wá sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Alága ní kó máa bọ̀ lọ́la. Ìyá Bọ́tìnnì kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì kí i pé ó dàbọ̀.

Nílé ẹ̀gbọ́n, gbogbo nǹkan mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Aṣọ iṣẹ́ funfun wà ní kíká lórí àga, bàtà iṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti rù. Ìyá Bọ́tìnnì kúnlẹ̀ kí i, kó sì tó dìde, ẹ̀gbọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

"Ó dáa tí o wá. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò bínú sí ọ. Mo ti rò ó, mo tún un rò. Ó jọ pé bẹ́ẹ̀dì kejì ni mo tẹ̀ lóòótọ́. Ariwo ti pọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ tó ṣe ẹ̀rọ náà lo sọ bẹ́ẹ̀, o ò sì ní purọ́ mọ́ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀. Mo ti lọ bá ìyàwó ọkùnrin yẹn. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo ní ọwọ́ mi ló pa ọkọ ẹ̀. Mo rò pé á lù mí ni. Kò lù mí. Ó sunkún títí, ó wá fà mí dìde, ó ní òun ti dárí jì mí. Àtìgbà yẹn ni mo tó ń rí oorun díẹ̀ sùn."

Ìyá Bọ́tìnnì ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ọ̀nà wá, gbogbo rẹ̀ sì tú ká. Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Ó ní bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n tẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí i níjọ́ kìíní, òun tó kọ bọ́tìnnì lòun gba ohun tí wọ́n kó fún òun sódì. Ó ṣàlàyé bí ìṣẹ́jú ṣe di bẹ́ẹ̀dì, tí bẹ́ẹ̀dì di ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó ṣe máa ń gbọ́ ará ilé aláìsàn tó bá ń sọ bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀ ló ṣe gbọ́ ọ.

"Bí mo bá tẹ kẹsàn-án lẹ́ẹ̀kan," ó bèèrè, "ìṣẹ́jú mélòó ni aago bẹ́ẹ̀dì kejì ò fi ní dún?"

"Mẹ́sàn-án."

"Tí mo bá tún un tẹ̀ kó tó pé?"

"Á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

Ẹ̀gbọ́n rọra mi orí. "Dókítà ní èémí ẹ̀ ò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ ẹ́ tí mo sì fi í sílẹ̀, aago ọkùnrin yẹn ì bá ti padà, ǹ bá ti gbọ́ ọ."

Ìyá Bọ́tìnnì kò lè gbójú sókè.

"Mo pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ pè mí."

"Kí lo ní kí n ṣe?"

Àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n dúró, kò ràn án lọ́wọ́, títí òun fúnra rẹ̀ fi wí i.

"Mo ní kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí á fi gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó wá bàtà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Kò pariwo. Ì bá sàn fún àbúrò rẹ̀ ká ní ó pariwo.

"Dìde nílẹ̀. À ń lọ."

"Sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀? Wọ́n ní lọ́la ni kí n wá."

"Sọ́dọ̀ ìyàwó ọkùnrin yẹn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹnu ìgbìmọ̀ ló ti máa gbọ́ ọ." Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. "Ó ti gbé ìdáríjì tó ní fún mi, mo sì ti gbà á, mo ti fi sùn. Mi ò mọ̀ bóyá òmíràn ṣẹ́kù tó máa fún ọ."

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Ẹ̀gbọ́n ń lọ níwájú, àbúrò ń tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe máa ń rìn lọ sílé ìwé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀gbọ́n kò wẹ̀yìn kó wò bóyá ó ń bọ̀. Iwájú ilé káfíńtà náà ni àga kan wà tí kò tíì ní ẹsẹ̀ kẹrin, ẹnì kan ti fi aṣọ bò ó nítorí òjò. Ẹ̀gbọ́n kan ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ tí obìnrin inú ilé ní òun ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fọwọ́ ti àbúrò rẹ̀ síwájú.

"Ìwọ ni o máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ni ó wí.